Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe Fàájì Lórí Adágún Kariba

Adágún Kariba kì í ṣe àdámọ́. Odò Zambezi ni wọ́n dí láàárín Zambia àti Zimbabwe. Wọ́n parí ìdídò náà ní 1959, omi sì ń kún lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1963. Tó bá jẹ́ ti bí omi ṣe pọ̀ tó, kò sí adágún àtọwọ́dá tó jù ú lọ láyé. Ó gùn tó nǹkan bí 280 kìlómítà. Ẹ má wò ó bí odò lásán o! Bí atẹ́gùn bá dé, ìgbì rẹ̀ a máa bi ọkọ̀ kékeré síwá sẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ ó ti wọkọ̀. Ìlú Kariba ní Zimbabwe ni mo fara mọ́, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ pọ̀ sí. Siavonga ló wà ní ìhà Zambia. Orí ògiri ìdídò gan-an ni ọ̀nà tó so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀ gbà kọjá. Ní Zimbabwe, dọ́là Amẹ́ríkà ni kí ẹ mú dání, kó sì jẹ́ owó kéékèèké, torí ṣéńjì máa ń ṣòro.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ọkọ̀. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa ń gbé èèyàn jáde fún wákàtí díẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kì í sì í jìnnà sílùú. Ọkọ̀ kejì ní yàrá, ilé ìdáná àti òṣìṣẹ́ nínú. Orí omi lẹ ó sùn. Tí ẹ bá pọ̀ tí ẹ lè dá owó jọ, èyí ni kí ẹ mú. Òun ló lè gbé yín dé etí omi Matusadona, ọgbà ẹranko ìjọba, níbi tí erin àti ẹfọ̀n ti ń jẹ koríko. Ọkọ̀ kékeré kan máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ bọ́ sínú rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá ti rí ẹranko lọ́ọ̀ọ́kán.

Oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà náà sì ni ẹranko máa ń wá sétí omi jù. Òwúrọ̀ oṣù kẹfà àti ìkeje tutù, ẹ mú ẹ̀wù òtútù. Ooru oṣù kẹwàá kì í ṣe kékeré! Ibà wà níbẹ̀ pẹ̀lú; ẹ rí dókítà kí ẹ tó gbéra.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bí omi ṣe ga tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bèèrè èyí, bẹ́ẹ̀ igbó ńlá ni adágún náà bò mọ́lẹ̀. Títí dòní, igi òkú ṣì dúró nínú omi: èèpo ti bó lára wọn, àwọ̀ wọn ti di ti eérú, idì sì ń bà lé wọn lórí. Àwọn tó yọrí síta dára fún fọ́tò. Èyí tó fara pa mọ́ ló ń ba abẹ́ ọkọ̀ jẹ́. Láti 475.5 mítà sí 488.5 mítà lókè ìtẹ́jú òkun ni wọ́n ti ń lo omi náà fún iná mànàmáná, nítorí náà kùkùté tí omi bò dáadáa lọ́dún kan lè súnmọ́ òkè lọ́dún kejì. Ẹ wá atukọ̀ tó mọ ojú omi náà dunjú, kí ẹ sì ti gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nínú ọkọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ fà á le dáadáa. Ẹ má ti ọwọ́ bọ omi, ọ̀nì pọ̀. Tí erinmi bá sì rì sábẹ́ omi nítòsí yín, ẹ pa fọ́tò tì, kí atukọ̀ yà kúrò.

Bí alẹ́ bá lẹ́, iná tí ẹ ó máa rí lórí omi jẹ́ ti àwọn apẹja tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fa kapenta, ẹja wínníwínní tí wọ́n kó wá láti adágún Tanganyika. Àsìkò yìí ló dára láti bi atukọ̀ nípa Nyaminyami, òrìṣà odò àwọn Tonga, ẹ̀yà tó ń gbé etí Zambezi. Nǹkan bí 57,000 èèyàn ni wọ́n kó kúrò nílé nítorí ìdídò yìí, Tonga ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí àgbàrá ya bo iṣẹ́ náà ní 1957 àti 1958, wọ́n ní ìbínú Nyaminyami ni. Tí atukọ̀ yín bá jẹ́ ọmọ Tonga, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wọn.