Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé: ẹ má fi ọkàn ọmọ ra máàkì

Kí ẹ tó wo máàkì ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó ti pa ìdáhùn kan rẹ́, tó tún un kọ, tó tún pa á rẹ́ títí ìwé fi dá lu, tí ìdí pẹ́ńsù kún fún ojú eyín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìṣirò. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà. Nílé ìwé, tíṣà lè má rí i torí ọmọ 40 ló wà níwájú rẹ̀. Nílé, ọmọ kan péré ló jókòó tì yín, ẹ sì tún lè má rí i, torí pé ìdáhùn lojú yín ń wá.

Lóṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti ilé ìwé pa ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti WhatsApp. Oṣù Kẹjọ làwọn ọmọ SS3 tó kọ́kọ́ padà, torí ìdánwò WAEC. Látìgbà náà, àwọn ilé kan ti fi ẹ̀kọ́ ilé ṣe tiwọn pátápátá, àwọn mìíràn sì ń ṣe é nígbà àìsàn, ìyanṣẹ́lódì tàbí ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ibi tí òbí ti ń kọsẹ̀ nígbà yẹn náà la ṣì ń rí.

Ẹ má gbé gbogbo ilé ìwé wá sí pálọ̀

Òbí á lẹ táìmù-tébù mọ́ ògiri: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Nínú wákàtí mẹ́fà yẹn nílé ìwé, ìtò àárọ̀ wà níbẹ̀, pípe orúkọ wà níbẹ̀, kíkọ nóòtì láti ojú pátákó, dídúró de ẹni tí kò tíì kọ tán, bíréèkì, àti ariwo tó máa ń sọ láàárín kí tíṣà kan jáde kí òmíràn tó wọlé. Ọmọ ń sinmi láàárín gbogbo ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un láyè. Nílé, ojú yín kì í kúrò lára rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà bẹ́ẹ̀ á tán an lókun.

Ní 2020, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà dábàá ìṣẹ́jú 45 sí 90 lóòjọ́ fún ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì, àti 60 sí 120 fún kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún. Tiwa lè ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí iṣẹ́ àmúrelé wa pọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó di ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọ Prámárì 1 sí 3: ìjókòó ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó dìde fún bíi 10, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Prámárì 4 sí 6: ìṣẹ́jú 25 sí 30, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè jókòó fún 40 kó tó na ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó le jù ni kó kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ìṣirò ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú tí fáànù ò yí, ìjà lẹ ń pè.

Bí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú méjìlá ṣe iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú tán, ẹ jẹ́ kó lọ. Òbí tó bá ní "O ti ṣe tán? Ó dáa, ṣe ojú-ewé kejì" ti kọ́ ọmọ pé kó máa fi iṣẹ́ falẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i.

Ẹ má pe ẹ̀rù ní oríkunkun

Èyí ló ń ṣe jàǹbá jù. Ọmọ á ní inú ń run òun ní gbogbo ìgbà tí ìwé ìṣirò bá jáde. Á lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan. Á ní "mi ò mọ̀ ọ́n" kó tó ka ìbéèrè rárá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní tún bẹ̀rẹ̀. Òmíràn kò ní sọ nǹkan kan, àbúrò rẹ̀ ni yóò máa lù. Àwa á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé àgídí ìdílé bàbá rẹ̀ ló gbé wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, àyà á máa yára lù, ara á múra àtisá tàbí kó gan síbì kan. Ibi tí ọpọlọ ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń há 5 mọ́rí kó lè fi kún iye tó kàn, kò ní láàyè mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó dáhùn 7 × 8 lánàá pé 56 fi ń sọ 54 lónìí. Ẹ pariwo, ó sọ 49. Ẹ ní "Ṣebí ìwọ náà lo mọ̀ ọ́n lánàá?" Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n lánàá. Àgbàlagbà tó ti gbàgbé nọ́ńbà káàdì rẹ̀ nídìí ATM rí, tí èrò tò sẹ́yìn tí wọ́n ń pòṣé, mọ ohun tí à ń wí.

Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dín ohùn yín kù ná, kí ẹ rọra gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un lómi kó mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ mí sínú gba imú títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀ta, kí ẹ mí síta gba ẹnu títí ẹ ó fi ka ení dé àrún, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kó wá jáde sí gbangba fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má wàásù fún un nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ba nǹkan jẹ́. Bó bá padà, ẹ fún un ní ìṣirò méjì tó dá yín lójú pé ó mọ̀, kí ẹ tó mú èyí tó le, kí ẹ sì ṣe ìdajì rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí omijé bá tún dé, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí tíṣà pé ibi tó dúró sí nìyí. Bí ẹ bá bá a kọ ìdáhùn tó kù kí ìwé lè dára lójú, tíṣà kò ní mọ ibi tó ti ń rú u lójú, èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀: aago tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú, ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, wákàtí tó fi sùn. Ohun tó ń fa á sábà máa ń yọjú níbẹ̀. Ti ẹlòmíràn, aago mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀, ebi ni. Ti ẹlòmíràn, kìkì ìwé kíkà ni, ìwé sì máa ń súnmọ́ imú rẹ̀ jù: ẹ mú un lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó nà án.

Ní ti nínà, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Pàṣán tó wà lórí tábìlì, ẹ ìbáà má fi kàn án, ojú ọmọ ò ní kúrò lára rẹ̀ kó tó lè wo ìwé.

"Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?"

Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà, a sì ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ọmọ ní olódo nílé ìwé, ó ní ibi tó lè sá wá. Bó bá jẹ́ ìyá tó pè é ní olódo láàárọ̀ ló tún ń bu oúnjẹ fún un lálẹ́, ibo ló fẹ́ sá lọ? Àfiwé pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò kì í jẹ́ kó tẹra mọ́ṣẹ́. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé kó fi ìwé tó gba òdo pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ibo ló ti rú ẹ lójú? Fi ibi tó o mọ̀ dé hàn mí." Bí ẹ bá sì fẹ́ yìn ín, ẹ yin ohun tó ṣe. "O tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó o tó rí i" á ràn án lọ́wọ́ lọ́la. "Orí ẹ pé gan-an" á jẹ́ kó máa bẹ̀rù iṣẹ́ tó le, kí orí má baà wá dà bí èyí tí kò pé mọ́.

Ẹ kíyè sí WhatsApp pẹ̀lú. Bí a bá fi máàkì ọmọ sí gúrúùpù ẹbí, tàbí tí a ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún lórí iṣẹ́ àmúrelé tí a gbé e sí sítátọ́ọ̀sì kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, ìtìjú la ń kó bá a. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" "Kò sí nǹkan kan, mà."

Ọmọ Yorùbá tó dúró níwájú àgbà, tó dorí kodò, bí ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ló rí. Kò sí òótọ́ tí yóò jáde níbẹ̀. Ẹ bi í nígbà tí ọwọ́ yín méjèèjì bá dí, tí ẹ kò kọjú síra: ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ jọ ń bó ẹ̀gúsí, ẹ jọ ń ká aṣọ. Ẹ bi í ní ohun kékeré, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè gùn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dí i.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ò lórúkọ fún ohun tó wà nínú wọn. "Ara mi ò yá" ni wọ́n ń fi pe gbogbo rẹ̀, àti ìbà àti ìbànújẹ́. Ẹ máa lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí létí wọn, kí ẹ máa fi sọ tiyín náà: àyà mi ń já, ojú ń tì mí, inú ń bí mi, àárò ọ̀rẹ́ mi ń sọ mí, ó sú mi. "Ó sú mi" àti "ẹ̀rù ń bà mí" kò gba ìtọ́jú kan náà. Èyí tó sú nílò ìyípadà iṣẹ́. Èyí tí ẹ̀rù ń bà nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. Ẹ sì fi "ọkùnrin kì í sunkún" sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Fóònù, iná àti àkọ́bí obìnrin

Bí ilé ìwé bá wà lórí fóònù, gbígba fóònù láti fi jẹ ọmọ níyà ti gba kíláàsì àti ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in: wákàtí iṣẹ́ ò ṣeé gbà, wákàtí géèmù ṣeé gbà. Kó sì máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lóhùn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Iná á lọ láàárín ìdánwò, dátà á tán. Kí ó má baà di ẹkún, ẹ dáńlóòdù iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀ lóru, ẹ ya àwòrán ìbéèrè sórí fóònù, kí ẹ sì ti bá tíṣà sọ ọ́ ṣáájú ohun tí ẹ ó ṣe bí iná bá lọ. Kí ọmọ gbọ́ àdéhùn yẹn fúnra rẹ̀.

Àkọ́bí tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n máa ń fi ṣe tíṣà àwọn àbúrò, òun náà lá dáná. Bí kò bá tíì jókòó sí ìwé tirẹ̀ di aago mẹ́rin, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bó bá ń kanra. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ tó fún bíbá àbúrò kàwé.

Oorun: ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, ti 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Kí fóònù sùn sí yàrá òbí. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́. Tẹ́ńtẹ́ń, súwé àti bọ́ọ̀lù ẹ̀yìnkùlé wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi eré ṣe èrè iṣẹ́. Ọmọ tí kò parí iṣẹ́ gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Ẹ má pa á mọ́ra nítorí kí ayé má baà gbọ́

Bí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun dáadáa, tí kò gbádùn eré tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, tí ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tí ó ń ní ó sàn kí òun kú, ó ti kọjá ohun tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe. Àdúrà kò ní kí ẹ má lọ síléèwòsàn. Aro ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba, àti UCH ní Ìbàdàn ń tọ́jú ọmọdé. Ẹ lè bi í tààrà: "Ṣé ó ti ṣe ẹ́ rí bíi pé kí o kú?" Bíbi í léèrè kì í gbé èrò náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti oògùn eku, oògùn ẹ̀fọn àti gbogbo oògùn inú ilé pa mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ìwé kékeré ọ̀sẹ̀ méjì yẹn dání. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.