Bí ẹ ṣe lè gba orin inú àwo ilé-iṣẹ́ olórin kékeré kan tó ti kógbá wọlé l'Óṣogbo sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá kó àwo orin tó kù nínú yàrá àtijọ́ kan l'Ókè-Fíà, ẹ má tíì gbé ìkankan sórí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ara pépà àárín àwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò, àwo kan ti sọnù tàbí kò jáde rárá. Ẹ tún gbé àwo sí ìmọ́lẹ̀: láàárín orin tó kẹ́yìn àti pépà, nọ́ńbà mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n fi irin họ. Òun ni kí ẹ gbà gbọ́, torí wọ́n a máa lẹ pépà òdì mọ́ àwo.

Bí nọ́ńbà bá dá dúró ní nǹkan bí ọdún 1986, kásẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá kiri. Náírà já wálẹ̀ lọ́dún náà, ohun èlò àwo láti òkè òkun wọ́n gógó, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì sì ti gba ìgboro.

Fún fífọ̀, ẹ da ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán méjì sínú lítà kan omi distilled, omi mímọ́ tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀. (Ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta omi bátìrì, kí wọ́n má ta ásíìdì fún yín.) Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi yípo bí ìlà ojú àwo ṣe lọ, ẹ má fi dábùú rẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kan pépà. Ẹ fi omi distilled tí kò ní ọṣẹ ṣàn án, kí ẹ nà án ró síbi tó ní ibòji. Oòrùn yóò mú un ká kò. Àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) tó máa ń fọ́ bí abọ́ tánganran kò gbọdọ̀ rí sípírítì rárá, yóò jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà sì yàtọ̀, ó nípọn jù.

Àwo ńlá, ìyípo 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan ni. Bí abẹ́rẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́ àwo tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ, ó sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2. Kọ́bọ̀ tí àwọn bàbá wa ń gbé lé orí apá ẹ̀rọ kí àwo má baà fò, òun gan-an ló lọ ojú àwo kúnná.

Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní WAV (irú fáìlì tí kì í gé ohùn kúrò); ẹ yan 24-bit, 96 kHz nínú ètò ìgbohùnsílẹ̀ yín. Kí ibi tí ohùn ti ga jù má kọjá -6 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn ètò náà. Ojú kan tó jẹ́ 20 ìṣẹ́jú yóò gba bíi 690 MB. Bí ẹ bá ń gbọ́ hùùù, ẹ so wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, ẹ lo bátìrì rẹ̀. Ẹ má nu ariwo kúrò lára ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì fún ìyẹn.

Kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ọmọ olórin àti ọmọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà lọ, kí ẹ béèrè ìwé àdéhùn àárín olórin àti ilé-iṣẹ́. Òun ni yóò sọ ẹni tó ni téèpù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe àwo náà.