Bí mo ṣe ń fín ilé Róòmù tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí

Ara iṣẹ́ Piranesi, ayàwòrán tó ń fi ásíìdì fín àwòrán sára bàbà, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín ilé Róòmù tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí. Ọmọ agbẹ́kùúta láti agbègbè Venice ní Ítálì ni. Ní 1743, ó tẹ àwòrán àwọn ilé ńláńlá kan jáde ní Róòmù, ilé tó jẹ́ pé inú orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà. Àwọn èèyàn á ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú. Ó mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ásíìdì ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kọ́kọ́ ya ilé náà sórí ìwé. Má jẹ́ kó kọjú sí wa gbọnrangandan; igun rẹ̀ ni kó yọ sí wa, kí ògiri kan sá lọ sọ́tùn-ún, kí èkejì sá lọ sósì. Bibiena tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé ti ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1711. Gé orí òpó tó sún mọ́ wa dànù, ojú á bá ọ kọ́ ìyókù. Wá fi èèyàn bíńtín kan sídìí rẹ̀, kó má tilẹ̀ ga tó ìpìlẹ̀ òpó.

Gbé bàbà pẹlẹbẹ kaná, fi ìda pa á, fi èéfín àbẹ́là sọ ọ́ di dúdú. Fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà; má tẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà. Rántí pé ọ̀tún á di òsì tí o bá tẹ àwòrán náà sórí ìwé. Èmi ti fín lẹ́tà sára ẹnubodè kan rí, gbogbo rẹ̀ ló yíjú sẹ́yìn.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Ṣí fèrèsé, wọ ìbọ̀wọ́, rọra ri bàbà sínú ásíìdì. Ìfófòó wẹ́wẹ́ á tò sára gbogbo ìlà. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ń gbá a kúrò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, mo yọ ọ́, mo ṣàn án, mo fi fáníìṣì bo ilé tó jìnnà jù kí ásíìdì má baà jẹ ẹ́ mọ́, mo dá a padà. Ìṣẹ́jú 10, mo bo àárín. Ásíìdì ń jẹ òpó iwájú lọ títí di ìṣẹ́jú 40. Ásíìdì tìrẹ lè yára ju tèmi lọ o, dán an wò lára àfọ́kù bàbà.

Nu ìda àti fáníìṣì kúrò lára bàbà, fi tàdáwà kùn ún, nù ún, gbé ìwé tútù lé e, tẹ̀ ẹ́.

Tí àwòrán náà ò bá tíì ṣú tó, tún bàbà náà ri sínú ásíìdì. Àwòrán 14 ni ọgbà ẹ̀wọ̀n àfinúrò Piranesi níbẹ̀rẹ̀. Ní 1761 ó sọ wọ́n di 16, ó sì tún àwọn ti àtijọ́ fín kí wọ́n lè ṣú sí i. Bàbà tèmi kan ti wọ ásíìdì lẹ́ẹ̀mẹrin. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì mọ ibi tó ń gùn lọ.