Hítà Gáàsì àti Kúkà: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ò Yéé Bi Mí

Iléyá kù díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba, àwọn ọmọ yóò ti Èkó àti ìlú òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde, olúkúlùkù á sì fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀. Irú àsìkò yìí ni fóònù èmi oníṣẹ́ gáàsì kì í sinmi, ìbéèrè kan náà ni láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù. Mo ti kọ ìdáhùn síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó pè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, hítà ò tàn rárá.

Ṣé ẹ ti ṣí sílíńdà? Ṣé gáàsì wà nínú ẹ̀? Ẹ pààrọ̀ bátìrì, abẹ́ hítà ló sábà máa ń wà.

Ìbéèrè: Bátìrì tuntun ni. Nísàlẹ̀ ilé ó ń tàn, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò tàn.

Omi ni, kì í ṣe gáàsì. Ìṣàn omi ló ń pe iná jáde nínú irú hítà yìí. Bí omi bá ń jò tó-tó-tó bí itọ́ ọmọ ọwọ́, iná ò ní jáde. Kí omi tó lè ní agbára bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi tàbí gáàsì fi ń tú jáde), táǹkì gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń dé, orí irin tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òrùlé lọ ni táǹkì wà. Ẹni tó ń wẹ̀ lókè lè ṣàì ní ju mítà kan àbọ̀ lọ lórí ara rẹ̀, bar 0.15 nìyẹn. Ẹ wo inú ìwé hítà, wọ́n kọ agbára omi tó kéré jù tó lè gbé e sí ibẹ̀. Bí tilé yín ò bá tó o, ẹ gbé táǹkì sókè tàbí kí ẹ ra pọ́ǹpù. Pùlọ́ńbà ni kí ẹ pè fún ìyẹn, ẹ má pè mí.

Ìbéèrè: Mò ń gbóòórùn gáàsì ní kíṣíìnì.

Ẹ pa sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde. Ẹ má fọwọ́ kan súìṣì iná, ì báà jẹ́ láti tàn án tàbí láti pa á. Fèrèsé nìkan kò tó, torí pé gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn, ẹnu ilẹ̀kùn ni yóò gbà jáde. Bí òórùn bá ti lọ, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kànrìnkàn pa á sí ẹnu rẹ́gúlétọ̀, ojú klíìpù àti gbogbo oríkèé páìpù. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹni tó bá fi ìṣáná wá ibi tó ń jò nílé yín, ẹ lé e jáde, ẹ má sanwó fún un.

Ìbéèrè: Pùlọ́ńbà tó ṣe ilé ìwẹ̀ wa ní òun lè gbé hítà gáàsì sínú ilé ìwẹ̀ gan-an. Ó ní páìpù ò ní jìnnà.

Rárá o. Bí iná gáàsì ò bá rí afẹ́fẹ́ tó, èéfín carbon monoxide ló ń tú jáde. Kò lóòórùn, kò sì láwọ̀. Ẹ sì mọ bí ilé ìwẹ̀ wa ṣe rí: fèrèsé kékeré, tí a tún ti pa dé nítorí ẹ̀fọn. Ẹni tó ń wẹ̀ á kàn rò pé orí ń fọ́ òun, òòyì á kọ́ ọ, kó tó mọ̀ ó ti ṣubú. Hítà tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ rà, kí wọ́n gbé e sára ògiri ìta níbi tí òjò ò ti ní pa á. Bó bá di dandan kó wà nínú ilé, inú ilé ìwẹ̀ kọ́, páìpù èéfín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yọ síta gbangba. Bí ọkùnrin náà bá bá yín jiyàn lórí èyí, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Iná kúkà mi pupa, ìdí ìkòkò ń dúdú.

Ẹ kọ́kọ́ fọ orí iná, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ òróró tó dì mọ́ ihò rẹ̀. Bó bá padà di búlúù, ẹ lọ se oúnjẹ yín. Bí kò bá padà, tí kúkà ọ̀hún sì ti ìlú òyìnbó wá, ẹ fara balẹ̀, torí èyí ló fún mi ní wàhálà jù.

Ìyá kan ní Ìpẹru ni. Ọmọ rẹ̀ fi kúkà olójú mẹ́rin ránṣẹ́ láti London, ó ń dán gbinrin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó ni iná rẹ̀ ti pupa, tó ga, tó ń lá etí ìkòkò. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́ dú láti ìdí dé ọrùn. Ẹni tó so ó pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀. Ẹlòmíràn pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Ẹnì kan tún wá, ó ní omi ló wà nínú sílíńdà, ó sì ta tuntun fún ìyá. Owó ń lọ, iná ò yéé pupa.

Nígbà tí wọ́n pè mí, mo fọ gbogbo orí iná, kò yí padà. Mo gbé sílíńdà àti rẹ́gúlétọ̀ tèmi wá, bákan náà ni. Mo ṣí ojú afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ gbayawu, iná rọlẹ̀ díẹ̀. Bí a ṣe gbé ìkòkò ńlá ka orí rẹ̀ báyìí, ó tún pupa. Ó di pé inú kúkà ni ọ̀rọ̀ wà. Mo fà á kúrò lára ògiri, mo fi ọṣẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo bá irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nǹkan wínníwínní sí: G20, 20 mbar.

G20 ni methane, gáàsì tí páìpù ń gbé láti abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé ní Gẹ̀ẹ́sì; 20 mbar ni agbára tó fi ń tú jáde. Propane àti butane ló wà nínú sílíńdà tiwa, G31 àti G30 ni àmì tiwọn. Ooru tó wà nínú lítà kan tiwa ju ìlọ́po méjì ti lítà methane kan lọ, agbára tó fi ń tú jáde náà sì ga jù. Tí ẹ bá wá gba ihò tí wọ́n lu fún methane tú u jáde, gáàsì á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni iná pupa àti ìkòkò dúdú ti ń wá, carbon monoxide sì ń bá a rìn.

Mo tú jẹ́ẹ̀tì ojú iná tó tóbi jù, irin kékeré tí gáàsì ń gba ihò rẹ̀ tú jáde. Ó kéré ju èékánná ìka kékeré lọ, wọ́n tẹ 115 sí i lórí: ihò mìlímítà 1.15 nìyẹn. Èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ fún gáàsì wa ò ju 85 lọ. Jẹ́ẹ̀tì tó tọ́ sì bá kúkà náà wá nínú ọ̀rá kékeré kan, àmọ́ wọ́n ti da ọ̀rá yẹn nù pẹ̀lú páálí! Mi ò rí i rà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èkó ni mo ti rí i. Ẹnì kan ní kí n fi òjé dí ti tẹ́lẹ̀ kí n sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò tuntun. Mi ò dá a lóhùn.

A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná di búlúù, ìyá ń jó. Mo yí i sí kékeré, kò kéré. Súkúrù kan wà nínú ìdí bọ́tìnì tó ń pinnu bí iná kékeré ṣe máa mọ. Àwọn tó ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Mo dè é mọ́lẹ̀, ó parí.

Gbogbo owó tí ìyá yẹn ná ṣáájú, ẹnikẹ́ni tó bá ka ẹ̀yìn kúkà ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní London ní káàdì làwọn fi ń mọ oníṣẹ́ gáàsì. Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n níbí?

Òótọ́ ló sọ. Láti 2009 ni Gas Safe Register, àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí wọ́n fún láṣẹ, ti gba ipò CORGI tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Fọ́tò àti nọ́ńbà wà níwájú káàdì, irú iṣẹ́ tí onítọ̀hún lè ṣe wà lẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n gbà láàyè fún kúkà lè má ní àṣẹ láti fọwọ́ kan bọ́ílà. Àbúrò yín tó fẹ́ gbé bọ́ílà sí ilé rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ní kó yí káàdì náà padà kó kà á.

Níbí, ẹ má rò pé ẹni tó ń ta gáàsì ló mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Trade test pùlọ́ńbà, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, náà dára, àmọ́ páìpù omi kì í gbiná. Ẹ bi í pé kí ló máa fi dán páìpù wò. Bó bá ní imú òun ni, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù, á dí i pa, á sì máa wo géèjì bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń wálẹ̀, kí gáàsì tó wọ inú rẹ̀ rárá. Ẹ bi í pé irú páìpù wo ló fẹ́ lò. Tó bá dárúkọ páìpù omi oníke, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ bi í pé níbo ni sílíńdà máa wà. Ìta ni, ní ìdúró, kó jìnnà sí gọ́tà, torí gáàsì tó bá jò á ṣàn wọ inú gọ́tà lọ. Kí ẹ sì lọ wo ilé tó ti ṣe tó ti pẹ́ díẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè so ó fúnra mi? Mo ti wò ó lórí YouTube.

Bátìrì, ọṣẹ, fífọ orí iná: tiyín nìyẹn. Ohunkóhun tó bá gba sípánà, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Èló lẹ máa gbà?

Ẹ ya fọ́tò irin ẹ̀yìn kúkà tàbí ti hítà, ẹ ya ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ fi ránṣẹ́. Mi ò ní dá iye lé ohun tí mi ò tíì rí.