Ọjọ́ Ìdánwò Ọkọ̀ ní Ìlú Ọba: Ẹ Tètè Wá A, Ẹ Má Rà Á Lọ́wọ́ Alágbàtà

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tí ẹ gbé wá sí Ìlú Ọba ṣì wúlò, ṣùgbọ́n oṣù 12 péré ni òfin gbà á láyè, láti ọjọ́ tí ẹ ti di olùgbé níbí. Ẹ ì báà ti máa wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó fún ogún ọdún, bí oṣù 12 yẹn bá ti pé, akẹ́kọ̀ọ́ lẹ jẹ́ lójú òfin. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ láísẹ́ǹsì. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú: ẹ ó gba provisional (láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́), ẹ ó ṣe theory (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà), lẹ́yìn náà ẹ ó wakọ̀ lójú olùdánwò. (England, Scotland àti Wales ni mò ń sọ o, Northern Ireland ní ètò tirẹ̀.)

Ọkọ̀ wíwà yẹn kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. Ọjọ́ ìdánwò ló wọ́n bí ojú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, èyí tí a ń lọ láti ilé kan sí òmíràn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń ṣe, ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àǹtí kan tí a jọ ń jọ́sìn fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún kan gbáko. Oṣù 12 pé, kò tíì gba provisional pàápàá. Mo bá wọn ní ibùdókọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ṣì wà lápò wọn, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn lọ sílé ẹnì kẹta tí wọ́n fẹ́ tọ́jú lálẹ́ yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n fowó ara wọn rà wà níwájú ilé, yìnyín ti bo gíláàsì rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn lọ́sẹ̀ ti dín kù sí ìdajì. Àǹtí yìí mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ. Ọjọ́ ni wọn kò rí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débí nìyí. Nígbà àrùn Kòrónà, láti oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n dá ìdánwò dúró, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Àwọn tí tiwọn bọ́ nígbà náà dà pọ̀ mọ́ àwọn tuntun, àwọn olùdánwò kò sì tó. Nígbà tí ìròyìn tàn pé ọjọ́ ti wọ́n, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjọ́ sílẹ̀ kó tó mọ ọkọ̀ wà rárá. Àwọn alágbàtà rí i pé ọjà ti dé, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tì í, wọ́n ń gbá ọjọ́ kó bí ẹni gbálẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, National Audit Office tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò gbé ìwádìí jáde pé ìdúró náà tó ọ̀sẹ̀ 22 ní ìpíndọ́gba, àti pé àwọn mìíràn ń san tó £500 fún ọjọ́ tí owó rẹ̀ gan-an kò ju £62 lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ 22 ju oṣù márùn-ún lọ. Ẹni tó dé ní oṣù kìíní, tó ní kí òun kọ́kọ́ rílé, kí òun ríṣẹ́, kí ara òun balẹ̀, tó wá rántí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mi pé kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wà lára ohun tí wọn yóò ṣe ní oṣù àkọ́kọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ní ọkọ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ẹ ó rà á.

Provisional ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, £34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹ jẹ́ olùgbé, kí ìwé yín sì fún yín láyè láti gbé níbí fún ó kéré tán ọjọ́ 185. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ti gba provisional, àwọn kò ní lè wakọ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí oṣù 12 yín kò tíì pé, tí láísẹ́ǹsì Nàìjíríà yín kò tíì kú, ẹ ṣì lè dá wakọ̀ láìlẹ àmì L (àmì akẹ́kọ̀ọ́) mọ́ ọn, bí inṣọ́ránsì bá ti wà. Ẹ gbà á, ẹ jẹ́ kó wà nílé.

Theory ló kàn, £23. Ìbéèrè 50 ni, ẹ gbọ́dọ̀ gba 43. Ìyẹn kì í sábà ṣòro fún ẹni tó bá kàwé. Apá kejì rẹ̀ ló ń gbé àwọn awakọ̀ wa ṣubú: fídíò 14, tí ẹ ó máa wo ojú títì, tí ẹ ó sì tẹ bọ́tìnì nígbà tí ewu bá ń bẹ̀rẹ̀. Máàkì 75 ló wà níbẹ̀, 44 lẹ gbọ́dọ̀ ní. Ẹni tó ti wakọ̀ pẹ́ máa ń dúró títí ewu yóò fi hàn gbangba, torí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́. Ẹ wo ọmọdé tó ń sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀lù létí títì: ìgbà tí ẹ rí bọ́ọ̀lù ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ọmọ bá ti wà láàárín ọ̀nà. Ẹ má sì máa tẹ̀ ẹ́ gbá-gbá-gbá lérò pé ọ̀kan yóò bá a. Bí kọ̀ǹpútà bá fura, òdo ló máa fún yín fún fídíò yẹn. Ọdún méjì ni ìwé ẹ̀rí theory ń lò. Bí ó bá pé kí ẹ tó yege wíwakọ̀, ẹ ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í fi ọjọ́ kún un.

Láìyege theory, ẹ kò lè gba ọjọ́ ìdánwò ọkọ̀. Nítorí náà gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fi sún theory síwájú, ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ fi kún ìdúró yín.

Ẹ ti yege theory? Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bọ́ sórí gov.uk, ojúlé ìjọba. £62 ni láàárín ọ̀sẹ̀, £75 ni ní ìrọ̀lẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi gbogbogbòò. Owó mìíràn kò sí lẹ́yìn èyí. DVSA tó ń ṣètò ìdánwò máa ń tú ọjọ́ tuntun sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní aago mẹ́fà, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ 24 níwájú. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́jọ yóò bá àwo òfìfo.

Èmi, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jí. Mo máa ń to provisional sórí tábìlì kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn sókè, káàdì báńkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí bí ẹ bá dìde lọ wá káàdì nínú báàgì, ẹlòmíràn ti gbé ọjọ́ náà lọ. Nígbà tí ojúlé náà bá ṣí, yóò tò yín sórí ìlà, yóò sì sọ iye èèyàn tó wà níwájú yín. Ẹ̀rù lè bà yín tí ẹ bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ má pa á dé, ẹ má tún un ṣí. Ìlà náà ń rìn, ẹni tó bá sì jáde yóò padà sẹ́yìn pátápátá. Ẹ má sì máa tún ojú ìwé ṣí léraléra bí ẹ bá ti wọlé, torí wọ́n lè rò pé ẹ̀rọ alágbàtà ni yín, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín.

Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá kọ́kọ́ rí, ẹ mú un, ì báà jẹ́ oṣù márùn-ún sí i. Ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ ṣeé yí padà; ẹni tí kò ní ọjọ́ kò ní ohun tó fẹ́ yí. Àwọn mìíràn ń fagi lé tiwọn lójoojúmọ́, ọjọ́ wọn sì ń padà sórí gov.uk láìsí ìkéde. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìgbàkigbà tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ wọlé wò ó. Ojúlé náà ń tì ní 11:40 lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, láti oṣù kẹrin ọdún 2025, bí ẹ bá fẹ́ fagi lé ọjọ́ tàbí yí i padà láìpàdánù owó yín, ọjọ́ iṣẹ́ 10 gbáko gbọ́dọ̀ wà níwájú ìdánwò. Ìkejì, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ìjọba kéde pé iye ìgbà tí èèyàn lè yí ọjọ́ yóò dín kù sí ẹ̀ẹ̀mejì, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò lè gba ọjọ́, kí ọwọ́ alágbàtà lè kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àyè yíyí ṣòfò lórí ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dúró de èyí tó máa dín oṣù kan tàbí méjì kù nínú ìdúró yín.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì gba ọjọ́ tó yá, ẹ pe olùkọ́ yín. Mo mọ èèyàn tó rí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn títí, ó wá kàn pé olùkọ́ kò ráyè, ọkọ̀ tí yóò lò kò sì sí. Owó rẹ̀ wọ omi.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti ṣe é, wọn kò fi dandan mú yín sí ibi tó sún mọ́ ilé jù. Ní London, ẹni tó ń gbé Woolwich lè wo Belvedere, Sidcup àti Hither Green pọ̀. Ẹni tó wà ní Dagenham lè wo Barking àti Goodmayes. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má lọ sí ibi tí ẹ kò tíì wakọ̀ rí. Ráńdábáòtù tí ẹ kò mọ ọ̀nà inú rẹ̀ lè gba gbogbo oṣù tí ẹ rò pé ẹ jèrè.

Ọ̀rọ̀ alágbàtà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọkùnrin kan lórí WhatsApp, ọmọ ilé ni, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní òun yóò bá mi wá ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. £180. Ó ní kí n fi nọ́ńbà provisional àti nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí theory ránṣẹ́, mo fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ tí mo ti gbà fúnra mi tẹ́lẹ̀, tó ku oṣù méjì, ló wọlé lọ gbé kúrò, ó fi ti ìlú kan rọ́pò rẹ̀, ìrìn wákàtí mẹ́rin sílé mi. Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n fi £100 kún un kí òun lè gbé e súnmọ́lé. Mo kọ̀. Kò gbé ìpè mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín: ẹni tó bá ní wọn lè yí ọjọ́ yín, ó lè fagi lé e, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi bí ẹ bá wọlé lọ wò. Olóòótọ́ lè wà nínú wọn. Ẹ má fi nọ́ńbà yín dán olóòótọ́ wò.

Ọjọ́ tó yá kì í ṣe fún ẹni tí kò tíì múra. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí ni kì í yege, ẹni tó bá sì kùnà kò lè ṣe òmíràn kí ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó kọjá, lẹ́yìn náà yóò padà sídìí ìlà. Ìdánwò náà tó ìṣẹ́jú 40. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ kan láti mítà 20. Àṣìṣe kéékèèké 15 lẹ lè ṣe kí ẹ ṣì yege, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó léwu ti tó láti fi gbé yín ṣubú. Ohun tó ń mú àwa tí a ti wakọ̀ nílé kì í ṣe àìmọ̀. Àṣà ni. A kì í yí orí wo èjìká kí a tó kúrò létí títì, ojú la máa ń yí nìkan. Olùdánwò kò rí ojú yín, orí ló ń wò. Ọwọ́ kan lórí ìdarí, ìkejì lórí jíà. A máa ń sáré ní ibi tí wọ́n kọ 20 sí. Ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní báàjì aláwọ̀ ewé lójú gíláàsì, ì báà jẹ́ wákàtí mẹ́fà péré, kí ó lè sọ àwọn àṣà yìí fún yín.

Bí oṣù 12 bá sì pé kí ọjọ́ yín tó dé, ẹ páàkì ọkọ̀. Ẹ lè wà á bí àmì L bá wà níwájú àti lẹ́yìn, tí ẹni tó ti lé ní ọdún 21, tó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta, bá jókòó tì yín, tí inṣọ́ránsì akẹ́kọ̀ọ́ sì wà. Ẹ̀yin nìkan, rárá. Owó ìtanràn lè tó £1,000, wọ́n sì lè fi máàkì ìjìyà mẹ́fà sórí láísẹ́ǹsì tí ẹ kò tíì gbà. Ọlọ́pàá lè gba ọkọ̀ náà, bí ẹ bá sì kọlu ẹnikẹ́ni, inṣọ́ránsì lè ní àwọn kò mọ̀ yín rí.

Lálẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ẹ fi provisional gan-an sínú àpò aṣọ tí ẹ ó wọ̀. Àwòrán rẹ̀ lórí fóònù kò tó. Wọn kò ní dán yín wò, owó yín á sì lọ.