Elégédé Tó Ń Tanná Tí Kò So

Ẹni tó bá gba ilẹ̀ kékeré láàárín oko àwọn ẹlòmíràn, kó mọ̀ pé elégédé kì í mọ ààlà. Èyí tó ń fà nílẹ̀ ń fẹ́ àlàfo mítà kan àbọ̀ sí méjì láàárín ìdí kan sí èkejì. Èyí tó ń dúró lójú kan kò fẹ́ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 lọ. Èyí tó ń fà ni èmi fẹ́ràn. Mo máa ń ká ìtàkùn rẹ̀ yípo bí òṣùká, kí èmi àti ẹni tí a jọ pààlà má baà máa bá ara wa fà á. Níbi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e, yóò ta gbòǹgbò mìíràn níbẹ̀.

Alájẹkì ni elégédé. Mo máa ń gbẹ́ kòtò tó gba ọwọ́ dé ìgúnpá, màá da ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa sí i, màá wá kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó di ebè. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò. Ajílẹ̀ inú àpò ńkọ́? Ẹ rọra o. Tó bá pọ̀jù, ewé nìkan ni ẹ óò máa rí. Ẹ ki kóró méjì bọ ebè kọ̀ọ̀kan, kí etí rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ẹ sì fa èyí tó bá lẹ tu lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ tó bá ṣì tutù ń mú kóró rà.

Òdòdó ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọn á ní elégédé àwọn yàgàn. Kò yàgàn rárá: akọ ló máa ń kọ́kọ́ tanná, tí yóò máa rẹ̀ dànù kí abo tó dé. Abo kò ṣòro mọ̀, ọmọ elégédé roboto wà lábẹ́ òdòdó rẹ̀. Kùtùkùtù ni méjèèjì ń là. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti pa dé. Tí oyin bá wọ́n lágbègbè yín, ẹ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra yín: ẹ já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò kí ọ̀pá àárín rẹ̀ yọ síta, ẹ fi í ra àárín abo yíká-yíká. Tó bá mú, ọmọ náà yóò máa wú. Bí kò bá mú, yóò pọ́n, yóò sì já bọ́. Ẹni tó bá dé oko lọ́sàn-án ti pẹ́ jù.

Ìdí ni kí ẹ máa bomi sí. Tí èso méjì tàbí mẹ́ta bá ti mú lórí ìdí kan, ẹ gé ṣóńṣó ìtàkùn, kí ẹ sì fi pákó tàbí koríko gbígbẹ tẹ́ abẹ́ èso kọ̀ọ̀kan.

Èékánná ni mo fi ń dán an wò. Tí kò bá wọ èèpo, tí ọrùn rẹ̀ sì ti gbẹ, ó tó gé. Ẹ fi ọrùn sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ẹ má sì fi gbé e, torí ibi tó bá ti kán ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹ sá a sóòrùn bíi ọjọ́ mẹ́wàá. Irú èyí tí a ń jẹ ní ọ̀dọ́ kò gba gbogbo ìyẹn, ẹ ká a nígbà tí èékánná ṣì ń wọ̀ ọ́.

Kóró ọdún tó ń bọ̀ ló gba ọgbọ́n. Oyin lè ti ara èyí tí wọ́n gbìn fún ọ̀ṣọ́ lásán wá sára tiyín, kí èso ọdún kejì sì korò. Ẹ fi òwú so ẹnu akọ àti abo lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n là. Ẹ tú u láàárọ̀, ẹ fi akọ ra abo, kí ẹ tún so abo padà. Èyí tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù, májèlé ni. Sísè kì í sì í mú un kúrò.