Ẹ fi kóró dóńgóyárò lé kòkòrò kúrò lára ohun ọ̀gbìn, àmọ́ ẹ má sè é o

Kóró ni kẹ́ ẹ wá. Ewé náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ inú kóró ni azadirachtin tó ń da kòkòrò láàmú pọ̀ sí jù. Ẹ fọ ara èso tó ti pọ́n kúrò, kẹ́ ẹ sá kóró náà síbi tí oòrùn ò ti ní pa á, títí tó fi máa gbẹ dáadáa. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù jàre.

Ẹ bó èèpo, ẹ wọn 500 gíráàmù, ẹ gún un nínú odó. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń yọ epo, ẹ ti gún un jù nìyẹn. Èmi máa ń dì í sínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó kí n tó rì í sínú omi lítà 10, torí mo kórìíra kí ìdọ̀tí máa dí ẹnu pọ́ǹpù nígbà tí mo bá ń fín in lọ.

Ibi tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí o. Omi tútù, ẹ tún gbọ́, omi tútù! Ẹnì kan wà tí mo mọ̀, ó gbé tiẹ̀ kaná, ó sè é títí omi fi dúdú bí àgbo, inú ẹ̀ dùn pé ó ti le dáadáa, ó fín in tán, àwọn ìdin ń jẹ ewé lọ bí ẹni pé ìrì ló sẹ̀ sí wọn lórí. Iná ti pa agbára ẹ̀. Ẹlòmíì ò sè é ní tiẹ̀, ó rẹ ẹ́ lálẹ́ bó ṣe yẹ, ló bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú oòrùn di ọjọ́ kẹrin, ó ní kó lè rọ̀ dáadáa. Oòrùn náà ń bà á jẹ́. Wákàtí 12 tó, lálẹ́, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ kejì.

Tẹ́ ẹ bá ti fún un, ẹ fi ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré méjì sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ó lè jó ewé. Kódà, ewé méjì mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ dán an wò lára wọn, màá wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín in, tí oòrùn ti rọlẹ̀ tí oyin sì ti wọlé. Ẹ yí ẹnu pọ́ǹpù sókè kó lè dé abẹ́ ewé, ibẹ̀ ni àwọn kéékèèké tó ń fa omi ewé mu máa ń sá pamọ́ sí.

Ewé tábà ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń pa kòkòrò kíá, àmọ́ oró ẹ̀ máa ń gba ara èèyàn wọlé, ó sì lè kó àrùn ran tòmátò àti ata. Èmi ò lò ó.

Ẹ má retí pé kí kòkòrò máa já bọ́ lójú ẹsẹ̀ o. Oúnjẹ ló máa kọ́kọ́ sú u, kò sì ní lè bọ́ awọ kó dàgbà, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 ẹ tún un fín, tí òjò bá sì rọ̀ sí i lóru, àfi kẹ́ ẹ tún gbé odó o.